Ẹ ra okùn kí ẹ tó ra ìdẹ: bí a ṣe ń yan irinṣẹ́ ìpẹja fún bass àti striper

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi irú fọ́tò kan náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ wa kan á jẹ lotirí Amẹ́ríkà, á lọ, òtútù á kọ́kọ́ fojú ẹ̀ rí màbo, nígbà tí oòrùn bá wá yọ tí omi gbóná díẹ̀ á rí àwọn èèyàn tó tẹ ọ̀pá ìpẹja sí etí adágún, ọ̀sà ilé á sọ sí i lọ́kàn, á wọ bútíìkì lọ, á ya fọ́tò ògiri kan tí wọ́n fi ìdẹ àtọwọ́dá kọ́ láti òkè délẹ̀, pupa, aláwọ̀ ewé, èyí tó ń dán bíi wúrà, á wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà nínú ẹ̀?"

Ìdáhùn mi ò yí padà rí. Ẹ gbójú kúrò lára ògiri yẹn ná. Okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fowó rà, ìwọ̀ ló tẹ̀ lé e, ọ̀pá àti ríìlì (ẹ̀rọ tó ń ká okùn) ló ṣìkẹta, ìdẹ ló kẹ́yìn, ìdẹ ọ̀hún náà ò sì gbọdọ̀ ju oríṣi márùn-ún lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé ní Georgia, Lake Lanier tó wà lápá àríwá Atlanta ò jìnnà sí mi, bass wà níbẹ̀, striper náà wà níbẹ̀. Mo ti padà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) báyìí, ìsàlẹ̀ afárá ọ̀sà ni mo máa ń wà láàárọ̀ Sátidé, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò dáwọ́ dúró, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ mọ ẹja tí ẹ fẹ́ pa ná, torí ìwà àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Bass tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní largemouth, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ débi pé tó bá pa á dé, igun ẹnu ọ̀hún kọjá ẹyinjú ẹ̀ sẹ́yìn. Ara ẹ̀ jọ àwọ̀ ewé, ìlà dúdú kan sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹja tó ń ba de nǹkan ni, kì í rìn káàkiri púpọ̀, abẹ́ igi tó wó sómi, abẹ́ òṣíbàtà, ẹ̀gbẹ́ òpó igi ló máa ń lúgọ sí, ohun tó bá ṣèèṣì kọjá níwájú ẹ̀, ó ti gbé e mì. Ẹni tó bá ti mọ akaja wa ti mọ ìdajì nínú ọ̀rọ̀ bass. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀ka igi mọ́ inú ọ̀sà, tí ẹja á máa sá wọ ibẹ̀ nítorí ibòòji àti nítorí oúnjẹ tó ń hù lára igi? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi wo adágún Amẹ́ríkà: ibi tó bá jọ akaja lójú yín, ibẹ̀ ni bass wà, àárín gbangba omi tó mọ́ lóló tí kò sí nǹkankan níbẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò síbẹ̀.

Striper ní tiẹ̀, ìlà dúdú méje tàbí mẹ́jọ ló nà láti ẹ̀yìn orí ẹ̀ dé ìrù. Ẹja òkun ni látìbẹ̀rẹ̀, ó kàn máa ń gòkè wọ inú odò láti yé ẹyin. Nígbà tí wọ́n sé odò ní Santee-Cooper, ní South Carolina, ní 1941, àwọn kan há sókè ìsédò náà, wọn ò ráyè padà sókun mọ́, wọ́n sì ń bí sí i níbẹ̀, ìgbà táwọn ará ibẹ̀ rí i pé ó lè gbé omi tí kò níyọ̀ títí ayé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ẹ̀ dà sínú adágún lóríṣiríṣi. Ẹja yìí kì í lúgọ, ó ń rìn ni, wọ́n á kó ara wọn jọ bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun, wọ́n á máa lé àwọn ẹja funfun kéékèèké bíi shad àti herring láàárín gbalasa omi. Kò fẹ́ràn omi gbígbóná, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ìsàlẹ̀ jíjìn ló sábà máa ń wà.

Ẹ wá rí i báyìí: ìdẹ ti bass gbọ́dọ̀ lè gba àárín igi àti koríko kọjá láìhá, ìdẹ ti striper gbọ́dọ̀ lè lọ jìnnà, kó rì jìn, kó sì dán bí ẹja kékeré. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi lé orí nìyẹn, tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n ògiri bútíìkì ò lè tàn yín jẹ mọ́. Ìwọ̀n wọn náà yàtọ̀. Bass tó wúwo jù nínú àkọsílẹ̀ ni èyí tí George Perry pa ní Georgia ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà 1932, páùn 22 àti ounce 4, ìyẹn bíi kílò mẹ́wàá, ní 2009 ni Manabu Kurita pa èyí tó bá a dọ́gba ní Lake Biwa ní Japan. Striper inú omi tí kò níyọ̀ tó wúwo jù, Alabama ni wọ́n ti pa á ní 2013, ó lé ní kílò mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Okùn kan ò lè ṣe fún àwọn méjèèjì.

Ó yá, okùn. Mẹ́ta ló wà. Èyí àkọ́kọ́ ni náílọ́ọ̀nù tí gbogbo wa mọ̀, irú èyí táwọn tó ń ta àwọ̀n ń ká sórí igi ní ọjà Ouando, mono ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ó ń fà bíi rọ́bà díẹ̀, owó ẹ̀ ò pọ̀, ó ń dárí ji ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì mọ́ iṣẹ́. Èkejì ni fluorocarbon, ó jọ náílọ́ọ̀nù lójú àmọ́ ó ń rì, ẹja ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i nínú omi, ó le lọ́wọ́, ó sì wọ́n. Ẹ̀kẹta ni braid, òwú tí wọ́n dì bí irun, tín-ín-rín ni ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ pọ̀, kì í fà rárá, bí ẹja bá fi ètè kàn án báyìí ọwọ́ yín ti mọ̀, ó sì lè gé koríko omi bí ọ̀bẹ. Àléébù ẹ̀ ni pé ẹja ń rí i, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń so fluorocarbon tó gùn tó apá méjèèjì tá a nà síwájú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé owó okùn kan péré ló wà, ẹ ra mono páùn 10 tàbí 12 (ìwọ̀n tó lè gbé kó tó já nìyẹn) fún bass, ó ti tó. Tówó bá wà, braid páùn 15 tàbí 20 pẹ̀lú fluorocarbon páùn 10 lórí, ìyẹn dáa púpọ̀. Inú òṣíbàtà tó kún dí, ẹ má lo ohun tó kéré sí braid páùn 50, torí kì í ṣe ẹja nìkan lẹ máa fà jáde, tẹ̀wétẹ̀wé ni. Fún striper, mono páùn 17 sí 20, tàbí braid 30 tí fluorocarbon 20 wà lórí ẹ̀. Ẹ má fi fluorocarbon so ìdẹ tó ń léfòó o, á fà á rì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n máa pariwo okùn báyìí. Lọ́dún kejì mi níbẹ̀, mo ra okùn kan tí wọ́n ń ta ní ìdajì owó, ojú fèrèsé ni wọ́n gbé e sí, oòrùn ti pa á fún ìgbà pípẹ́, mi ò mọ̀ pé oòrùn ń ba náílọ́ọ̀nù jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, striper kan gbé ìdẹ mi, ó sáré, ríìlì ń ké, ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ, mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi pàù, okùn já bí òwú ìránṣọ. Ìdẹ tí mo ra lówó iyebíye bá a lọ. Ohun tó dùn mí jù ni ẹja yẹn tó gbé ìwọ̀ mi lọ lẹ́nu, kì í ṣe owó. Látìgbà náà, kí n tó ká okùn sórí ríìlì mo máa ń fi aṣọ wé ọwọ́, mo máa ń fà á gan-an. Lẹ́yìn gbogbo ẹja tàbí òkúta tó bá họ ọ́, mo máa ń fi ìka tọ́ mítà àkọ́kọ́ wò, tó bá rí kángunkàngun, mo gé e dànù, mo tún un so. Lọ́dọọdún ni mo ń pààrọ̀ mono. Èyí tẹ́ ẹ bá gé, ẹ kó o sápò lọ sílé, ẹ má jù ú sómi, ẹyẹ àti ìjàpá omi ló ń há sí i.

Ìwọ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tiẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ máa ń da èèyàn láàmú. Láti 10 wá sí 1, bí nọ́ńbà ṣe ń kéré ni ìwọ̀ ń tóbi. Tó bá wá dé 1, ó yí padà, 1/0 tóbi ju 1 lọ, 2/0 tóbi ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún bass tí ẹ fẹ́ fi ekòló rọ́bà pa, 3/0 ni kí ẹ rà, ekòló tó gùn gan-an ló ń gba 4/0 tàbí 5/0. Láti mọ̀ bóyá ìwọ̀ mú, ẹ fi ẹnu ẹ̀ wọ́ èékánná àtàǹpàkò yín jẹ́jẹ́: tó bá yọ̀ lọ, ó ti kú nìyẹn, tó bá dúró tó fẹ́ họ èékánná, ó dáa.

Kókó tẹ́ ẹ máa fi so ó, ẹyọ kan péré lẹ nílò, Palomar lorúkọ ẹ̀. Ẹ ṣẹ́ okùn po sí méjì, ẹ ki orí ẹ̀ tó pò yẹn gba ojú ìwọ̀ kọjá, ẹ ta kókó lásán bí ẹni ta okùn bàtà lẹ́ẹ̀kan ṣùgbọ́n ẹ má fà á le, ẹ wá gba ìwọ̀ odindi láàárín ihò orí okùn yẹn kọjá, ẹ fi itọ́ rin ín, kí ẹ tó fà á díẹ̀díẹ̀ títí á fi le. Itọ́ yẹn ṣe pàtàkì, okùn gbígbẹ tẹ́ ẹ bá fà le á gbóná, ibẹ̀ ló ti máa já lọ́jọ́ tí ẹja ńlá bá dé.

Ọ̀pá ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lókè ibi tẹ́ ẹ ti ń dì í mú, wọ́n kọ ìwọ̀n okùn àti ìwọ̀n ìdẹ tó lè gbé síbẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Medium, ìyẹn ọ̀pá tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, ìyẹn bíi mítà méjì, pẹ̀lú ríìlì spinning tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, á gbé yín la ọdún méjì kọjá. Striper ń fẹ́ medium-heavy, èyí tó le díẹ̀ jù ú lọ, ẹsẹ̀ bàtà méje. Ríìlì baitcasting tó ń jókòó sókè ọ̀pá dáa, àmọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò, okùn á ta pọ̀ mọ́ra bí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹ ní sùúrù ná. Ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò lára ríìlì ni drag, bíréèkì tó ń jẹ́ kí okùn máa tú jáde bí ẹja bá sáré kó má bàa já. Ẹ yí i títí tó fi jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára okùn ni á mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í tú: okùn páùn 12, kó tú ní páùn 3 tàbí 4. Striper tó bá kọ́kọ́ sáré báyìí, kò sí ẹni tó lè dá a dúró, ẹ jẹ́ kó sáré.

A wá dé ọ̀dọ̀ ìdẹ wàyí. Tó bá jẹ́ èmi, ekòló rọ́bà ni mo kọ́kọ́ ń rà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nick Creme ló ṣe é ní Akron ní Ohio ní 1949, títí dòní mi ò tíì rí ohun tó pa bass jù ú lọ. Bá a ṣe ń lò ó nìyí: ẹ kọ́kọ́ ki òjé tó rí bí orí ọta sára okùn, gíráàmù méje tó fún ibi tí kò jìn, kí ẹ wá so ìwọ̀ tí ọrùn ẹ̀ ṣẹ́ kọ́lọ́. Ẹ gún ẹnu ìwọ̀ sí orí ekòló ní bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ yọ ọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fà á lọ títí ojú ìwọ̀ á fi wọ orí ekòló, ẹ yí ìwọ̀ padà, ẹ wá tún fi ẹnu ẹ̀ gún inú ara ekòló kó fara pamọ́ síbẹ̀. Ekòló gbọ́dọ̀ nà gbọnrangandan, tó bá ká kò dáa, ẹ tún un ṣe. Torí pé ẹnu ìwọ̀ ti wọnú rọ́bà, ẹ lè jù ú sáàárín igi tó há jù, á jáde. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀, ẹ gbé orí ọ̀pá sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tún balẹ̀. Bass á gbé e nígbà tó bá ń rọ̀ sílẹ̀, ẹ máa rí i tí okùn rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ká okùn tó rọ̀, kí ẹ wá fà á tagbára-tagbára.

Èkejì ni jig, òjé tó ní ìwọ̀ nínú, tí wọ́n so rọ́bà wẹ́wẹ́ bí ìrẹ̀rẹ̀ mọ́, ó jọ edé omi dídùn tó ń rìn nísàlẹ̀, omi tútù ló wúlò jù fún, ẹ rìn ín jẹ́jẹ́. Ẹ̀kẹta ni spinnerbait, wáyà tó tẹ̀ tí irin pẹlẹbẹ bíi ṣíbí ń yí lórí ẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ tí omi dàrú, torí kò dìgbà tí ẹja bá rí i, jìgìjìgì ẹ̀ ló máa gbọ́.

Ẹ̀kẹrin ni crankbait, ẹja igi tàbí ike tó ní ètè, bí ètè yẹn bá ṣe gùn tó ló ṣe ń rì jìn tó. Lauri Rapala, apẹja kan ní Finland, ló gbẹ́ tiẹ̀ ní 1936, ó fi èpo igi kọ́ọ̀kì ṣe é, ó fi bébà ṣokoléètì wé e kó lè dán. Ohun tó ti kíyè sí nígbà tó ń tukọ̀ lórí adágún ni pé láàárín ọ̀pọ̀ ẹja kéékèèké, èyí tó bá ń rìn ségesège, bí ẹni tó fara pa, lẹja ńlá ń mú. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń ká ríìlì. Ìdẹ tó bá ń lọ gbọọrọ bí ẹni tí nǹkan ò ṣe, ẹja á wò ó lọ ni. Ẹ dá a dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọlu igi, ẹ tún fà á, àsìkò tó bá kọlu nǹkan tó yà yẹn gan-an ni wọ́n ń gbé e.

Ẹ̀karùn-ún, àkèré rọ́bà oníhò inú, ti orí òṣíbàtà nìyẹn, ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: tí bass bá fò mọ́ ọn tí omi ta, ẹ má fà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró títí ẹ máa fi mọ̀ pé ó ti wúwo lọ́wọ́ yín, nígbà náà ni kí ẹ fà á. Ó le láti ṣe, àyà á máa já, àmọ́ ẹni tó bá kánjú á fa àkèré jáde lófìfo.

Ti striper ò tó bẹ́ẹ̀. Jig funfun onírun tí wọ́n ń pè ní bucktail, ìdajì ounce sí ounce kan, ìyẹn gíráàmù 14 sí 28, ló máa ń wà lọ́wọ́ mi nígbà gbogbo. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹja rọ́bà onírù pẹlẹbẹ tó gùn bí àtẹ́lẹwọ́, àti ṣíbí irin tó ń dán fún ìgbà tí wọ́n bá wà nísàlẹ̀ jíjìn, ẹ jẹ́ kó rì, ẹ máa ka iye ìṣẹ́jú àáyá, ibi tí ẹja bá ti gbé e, ẹ rántí iye tẹ́ ẹ kà kí ẹ lè dá a padà síbẹ̀. Ẹ máa wo ojú ọ̀run, tí ẹ bá rí àwọn ẹyẹ funfun tó ń já wọnú omi léraléra, striper ló ń lé shad sókè níbẹ̀, ẹ sún mọ́ tòsí, ẹ má wọ àárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹja ààyè dẹ ẹ́, circle hook ni kó lò, ìwọ̀ tó ká sínú bí òrùka, ìyẹn ò gba kí èèyàn fà á pẹ́ńpẹ́, ẹ kàn máa ká okùn, á fúnra ẹ̀ kọ́ igun ẹnu ẹja, kò ní gbé e mì dé ikùn, èyí tẹ́ ẹ bá dá padà sómi á sì yè.

Àwọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń bi mí jù, òun ló sì kéré jù. Omi tó mọ́: funfun, fàdákà, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn. Omi tó pọ́n: dúdú, búlúù tó dúdú, tàbí aláwọ̀ òféfèé bí ọsàn wẹ́wẹ́. Mi ò tún ní nǹkan míì sọ sí i.

Ẹ gba káàdì àṣẹ ìpẹja kí ẹ tó ju ìwọ̀ kankan, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, wọ́n sì ń sọ iye ẹja àti bí gígùn ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tó. Àlejò ni yín níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹja kan kó bá ìwé yín.

Ohun tí mo kó wálé lára gbogbo ẹ̀ ò ju àpótí kékeré kan lọ. Jig funfun àti ṣíbí fàdákà kéékèèké ló ṣì ń ṣiṣẹ́ fún mi nínú ọ̀sà Àjàṣẹ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ òkun bá gba adágún Nokoué wọlé tí omi mọ́ díẹ̀. Tí odò Ouémé bá kún tó gbé ẹrẹ̀ wá ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, mo máa ń yí sí dúdú, mo sì máa ń fà á jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ ìwọ̀ àti ríìlì, iyọ̀ ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì ju ìdẹ sínú akaja ẹlòmíì, bí ẹja ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ó ní olówó, òógùn èèyàn ló wà nínú igi yẹn.

Àbúrò tó ń bọ̀ nílé lọ́dún tó sì fẹ́ ra nǹkan fún mi, bucktail funfun ìdajì ounce ni kó rà, mẹ́ta ti tó. Kó fi ìwé nípọn wé ẹnu ìwọ̀ wọn, kó sì kó wọn sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú, kó má kó wọn sí báàgì ọwọ́.